Orúnkún Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin

Ọ̀wàrà 3, 1927, Ọjọ́ Ajé

Òjò. Kọ́nẹ́ẹ̀lì tuntun ti dé láti Stockholm. Klas Bruncke ni. Ẹnikẹ́ni ni mo lè retí, àfi òun. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí gàárì, ó sì já bọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ débi tí imú rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Òun náà ni wọ́n wá rán pé kó wá sin wá báyìí.

Tí Ọ̀pẹ bá parí, ẹgbẹ́ ogun àwọn ẹlẹ́ṣin Vadsjö parí nìyẹn. Ìjọba ti sọ ọ́, kò sí ẹjọ́ kankan mọ́. Nínú ọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣin márùn-ún, ẹyọ kan ló máa kù síbí, wọ́n á so ó mọ́ ẹgbẹ́ ogun ìlú kejì bí ìgbà tí wọ́n bá fi àgbàlagbà sí yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀gá ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo ló máa darí rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló máa dárúkọ onítọ̀hún. Àwa tó kù á kó ẹrù wa, a ó lọ jókòó sílé.

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí. Láti ìgbà tí mo ti pé ogún ọdún ni mo ti wà lórí ẹṣin. Mi ò jagun rí, mi ò fi idà gé nǹkan kan rí yàtọ̀ sí àkàrà òyìnbó lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bàbá Thyra ìyàwó mi ti kọ̀wé pé òun ní igba ẹlẹ́dẹ̀, òun sì ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ.

Ọ̀wàrà 6, Ọjọ́bọ̀

Ọbẹ̀ ẹ̀wà, bíi gbogbo Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fi mí jókòó ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ìyà wo rèé!

Níbí, àwọn tó bá ti jọ na ife ọ̀rẹ́ síra wọn, tí wọ́n sì mu ún, nìkan ló ń pera wọn ní "o" àti orúkọ. Èmi àti ẹ̀ ò tíì mu ún pọ̀ rí, nítorí náà kò sí "o" láàárín wa. Nígbà tó wà lábẹ́ mi, mi ò na ife sí i, torí ọmọdé ni. Kí n tó tún bojú wẹ̀yìn, ó ti wà ní Stockholm, oyè rẹ̀ ti ga ju tèmi lọ. Báyìí èmi ni àgbà, òun ni ọ̀gá. Àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ na ife. Ọ̀gá náà ló yẹ kó kọ́kọ́ na ife. Bí èmi bá nà án, wọ́n á ní mò ń wá ojúure. Bí òun bá nà án, wọ́n á ní kò mọ àgbà. "Ẹ" náà ò ṣeé lò, torí àlejò tí èèyàn ò mọ orúkọ rẹ̀ lójú pópó la máa ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, ìwọ̀sí ló jẹ́ fún ẹni tó ní oyè. Nítorí náà oyè la fi ń pe ara wa, bí ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòókòó.

"Ṣé Kọ́nẹ́ẹ̀lì á fẹ́ iyọ̀?"

"Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin ṣeun."

Tí oyè bá sú wa, afẹ́fẹ́ là ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, ǹjẹ́ ó lè ṣeé ṣe kí kọfí dé apá ibẹ̀ yẹn. Òun náà ní ó dà bí ẹni pé òjò á tún rọ̀. Odidi wákàtí kan. Ọrùn ń ro mí nígbà tí mo délé.

Ọ̀wàrà 9

Òjò. Ärla ẹṣin mi ń wúkọ́. Mo bu omi gbígbóná àti oyin fún un, mo dúró tì í títí ó fi sinmi. Ọkà ẹṣin tún ti wọ́n sí i.

Ọ̀wàrà 14, Ọjọ́ Ẹtì

Gbogbo bárékè mọ̀ ọ́n báyìí. Àwa ọ̀gá ẹlẹ́ṣin márùn-ún la wà. Méjì ti darúgbó, ọ̀kan ti rí iṣẹ́ sí báńkì. Ó kù èmi àti Verner Sparrhult.

Sparrhult kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Tó bá fẹ́ ṣàwàdà, òun ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín títí àwàdà náà á fi kú sí i lẹ́nu, gbogbo èèyàn á sì máa bá a rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló fi sílẹ̀, inú ilé ìjọba tó wà lẹ́nu ọ̀nà bárékè ni wọ́n ń gbé, ẹni tó bá sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ á kó jáde níbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ òsì ti bàjẹ́ láti ìgbà tí ẹṣin gbé e ṣubú níbi odi òkúta kan. Ẹ̀yìn ilé ẹṣin ló ti ń gun ẹṣin báyìí, orí àpótí ló ń dúró sí. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì ń wo ibòmíràn. Èmi náà ń wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n Kọ́nẹ́ẹ̀lì ò tíì mọ̀.

Èmi ṣì ń fò gun ẹṣin láìfẹsẹ̀ kan irin ìtẹsẹ̀. Kò sí ọmọ ogún ọdún tó lè ṣe é bíi tèmi nínú ẹgbẹ́ ogun yìí. Mo kọ ọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó ń bi mí.

Ọ̀wàrà 23, Ọjọ́ Àìkú

A lọ sí oko bàbá Thyra. Bàbá fi ẹlẹ́dẹ̀ hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ wọn. Thyra ń fi ìborùn rẹ̀ bo ẹ̀rín, mo rí i. Mo lo gbogbo ọ̀sán yẹn pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, mò ń rìn ká ọgbà bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Bàbá bi mí bóyá mo fẹ́ lo ilé ìgbẹ́.

Bélú 2

Yìnyín àkọ́kọ́. Kò dúró. Èmi náà ò dúró: láti ilé ẹṣin sí ọ́fíìsì, láti ọ́fíìsì sí ilé ẹṣin. Thyra ní tí mo bá tún rìn kọjá níwájú òun lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á so agogo mọ́ mi lọ́rùn.

Bélú 10, Ọjọ́bọ̀

Inú mi ń dùn, mi ò sì fẹ́ kí ó máa dùn tó báyìí.

Àsè pẹ́pẹ́yẹ ńlá la ṣe lónìí, pẹ̀lú ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sè. Ẹ̀gbẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tún fi mí sí. Mo rò pé bóyá lónìí ló máa na ife. Mo mú ife tèmi dání. Òun náà mú tirẹ̀. A di ife mú títí ọtí fi gbóná. Kò sẹ́ni tó nà án.

Sparrhult wà lódìkejì tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí kò tíì sọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní ọkùnrin dáadáa ni, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì mi orí. Bó ṣe ń wo Sparrhult lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin á fẹ́ darí ọ̀wọ́ tó máa kù yìí? Òtútù ni, àdádó ni. Mo fẹ́ gbọ́ òótọ́ kí n tó kọ orúkọ kankan."

Hẹ̀n-ẹ́n! Ọlọ́run ló gbé e fún mi nínú àwo. Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára kó máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.

"Ká sòótọ́, orúnkún òsì ti kú. Láìsí àpótí, gàárì ò ṣeé dé mọ́. Ó rẹ ara gan-an. Ó máa ṣòro láti sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ìsinmi ló kàn."

Omi lé ró sójú Kọ́nẹ́ẹ̀lì, mo rò pé ata ọbẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ohun tí kò ṣe rí, ó ní ọ̀rọ̀ tó wúwo ni mo sọ yẹn, òun ò ní gbàgbé.

Mo jẹ pẹ́pẹ́yẹ ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí mo wojú Sparrhult, ó gbé ife sí mi láti òdìkejì, mo sì gbé tèmi sí i.

Bélú 11

Mi ò sùn dáadáa. Ẹran ló pọ̀ jù.

Bélú 19, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Kí ló ń ṣe àwọn èèyàn yìí? Sájẹ́ǹtì Frimodig bi mí láàárọ̀ bóyá Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin á fẹ́ kí òun gbé àpótí wá. Mo ní àpótí kí ni. Ó ní kò sí o, òun kàn béèrè ni. Kọ́nẹ́ẹ̀lì pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó dúró, ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gòkè, ó sì ń tẹ̀ lé mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbá mi mú tí mo bá ṣubú. Ìyàwó dókítà fi ìpara ìwọ́ra ránṣẹ́ sí Thyra. Thyra bi mí pé kí la fẹ́ fi ṣe.

Bélú 25, Ọjọ́ Ẹtì

Kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Sparrhult wá sílé wa lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kò jókòó. Ó di fìlà mú níwájú àyà bí ẹni tó wá kí òkú. Ó ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti sọ fún òun pé orúkọ òun ló máa kọ, àti ìdí rẹ̀.

"Evald, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́," ló wí. "Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní òun bi ọ́ bóyá o fẹ́ ọ̀wọ́ náà, o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún òun pé orúnkún rẹ ti kú, pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Èmi tí mò ń fi tèmi pamọ́ bí olè, ìwọ lo lọ jẹ́wọ́ tìrẹ. Àwọn ọmọ mi ò ní kó kúrò nínú ilé yẹn. Ọpẹ́ mi ò tó."

Ó ń sunkún. Sparrhult tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ bí Thyra ṣe dẹ́kun fífọ abọ́ nínú ilé ìdáná. Èmi ò lè sọ ju pé kò tọ́pẹ́ lọ. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó di apá mi mú lórí àtẹ̀gùn kí orúnkún mi má bàa yẹ̀. Orúnkún tirẹ̀ ló ń ké títí a fi dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin! Àwa méjèèjì ni Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin! Èmi ni Bruncke ń bi, Sparrhult ló ń wò, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ Sparrhult ló ń bi mí!

Bélú 26

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mi ò ní kọ nǹkan kan lónìí.

Ọ̀pẹ 2, Ọjọ́ Ẹtì

Mo lọ bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní ọ́fíìsì láti tún un ṣe. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ilé. Bí mo ṣe wọlé, ó ti ti àga sí mi, ó ní kí Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin jókòó, kí Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin na ẹsẹ̀.

Mo ní àṣìṣe kékeré kan wà. Mo ní orúnkún tí a mẹ́nu kàn nígbà àsè, kì í ṣe orúnkún ibí. Ó wò mí. Ó ní orúnkún ibo wá ni.

Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Bí mo bá ní orúnkún Sparrhult ni, á jẹ́ pé èmi ni mo jókòó ti ọ̀gá wa, tí mò ń jẹ pẹ́pẹ́yẹ, tí mò ń fi ẹnu kan gé ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́sẹ̀, tí mo tún gbé ife sí i. Òótọ́ sì ni, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Bí a bá jọ ń pera wa ní "o" ni, bóyá ǹ bá ti rí i sọ, màá ní, gbọ́, Klas, o ṣì mí gbọ́, ìwà òmùgọ̀ ni mo hù. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ irú ẹ̀ sí afẹ́fẹ́? Mo ní orúnkún náà ti ń sàn díẹ̀díẹ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọkùnrin gidi kì í ráhùn. Ó ní òun ò tíì fọwọ́ sí ìwé náà o, lẹ́yìn ìtò ìkẹyìn, tí gbogbo ẹgbẹ́ ogun máa tò lórí ẹṣin ní gbangba ìlú lọ́gbọ̀njọ́ oṣù yìí, ni òun máa fi ránṣẹ́, torí òun fẹ́ fojú ara òun rí gbogbo ọ̀gá lórí ẹṣin lẹ́ẹ̀kan kí ó tó parí.

Mo dìde lórí àga yẹn bí ọmọ ogún ọdún. Kò kíyè sí i, ó ti ń wo ìwé mìíràn.

Ọ̀pẹ 5, Ọjọ́ Ajé

Mo ti rí i! Kò gba ọ̀rọ̀ rárá. Lọ́jọ́ ìtò náà, níwájú ẹgbẹ́ ogun, níwájú Bruncke, màá fò gun Ärla láìfẹsẹ̀ kan irin. Ó ní ojú. Á rí i pé kò sí orúnkún tó kú níbí. Á sì rí Sparrhult, torí kò sí ẹ̀yìn ilé ẹṣin ní gbangba ìlú. Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa. Màá kàn gun ẹṣin mi.

Mo fò lẹ́ẹ̀mẹwàá lónìí nínú ilé ẹṣin. Frimodig dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí, àpótí wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Mo ní kó máa lọ.

Ọ̀pẹ 13, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àjọ̀dún àbẹ́là. Àwọn ọmọ Sparrhult ló kọrin fún wa láàárọ̀ nínú ilé oúnjẹ, ẹ̀kẹta ló dé adé àbẹ́là, epo rẹ̀ ń kán sí i létí, kò sì mira. A mu kọfí, a jẹ búrẹ́dì aláwọ̀ ìyeyè. Sparrhult ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti jáde.

Mo gba ẹ̀yìn ilé ẹṣin kọjá. Ó wà níbẹ̀ nínú yìnyín, òun àti ẹṣin rẹ̀, kò sí àpótí. Ó di gàárì mú. Ó rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó dé, ó wá fò. Ẹsẹ̀ òsì ò gbé e. Ó fi ìhà lu ilẹ̀. Ó dìde, ó gbọn yìnyín kúrò lára, ó rẹ́rìn-ín, ó tún fò. Ó tún ṣubú. Mi ò mọ iye ìgbà tó ṣe é. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́ kó tó fò. Ẹṣin náà yí ọrùn padà, ó ń gbóòórùn fìlà rẹ̀ nílẹ̀.

Ìtò ló ń dánra wò fún. Òun náà mọ̀ pé Bruncke máa wò.

Mo fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi dé ibi tí kò ti lè rí mi. Ojú tì mí. Kì í ṣe ìtìjú kékeré tèèyàn lè fi ọtí ṣan nù. Ó ń jó mi láyà bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọ̀pẹ 14

Síbẹ̀, èmi ni mo mọ ẹṣin gùn jù. Òótọ́ nìyẹn náà. Kí ni kí n wá fi ṣe?

Ọ̀pẹ 20

Òtútù burúkú. Ìwọ̀n ọtí tí ìwé ìjọba gbà mí láyè láti rà lóṣù yìí ti tán, ì bá wù mí kó má tíì tán. Ärla ò wúkọ́ mọ́. Mò ń rìn.

Ọ̀pẹ 24, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Thyra ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ Kérésìmesì tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́. Mi ò lè jókòó. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó ní kí n sọ ọ́ báyìí, kí òun tó bá ìlẹ̀kùn jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: pẹ́pẹ́yẹ, afẹ́fẹ́, Sparrhult nínú yìnyín, bí mo ṣe fẹ́ fò.

Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.

"Tí o bá fò lọ́jọ́ náà," ló bi mí, "ta ló máa rí ọ?"

Mo ní gbogbo ayé.

"Verner ńkọ́? Tó bá ṣubú, ta ló máa rí i?"

Mo ní gbogbo ayé.

Ó padà sídìí ẹran rẹ̀. Ó gé ègé kan, ó fi í sí mi lẹ́nu bí ọmọdé. Ó ní ìlérí kan ṣoṣo ni òun fẹ́ kí n ṣe: pé mi ò ní fọn fèrè bárékè fún ẹlẹ́dẹ̀ bàbá òun ní ìdájí. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di nǹkan mìíràn, Thyra gbá orí mi mọ́ ìkùn rẹ̀ títí tí ó fi tán.

Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ náà ló ń bọ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mi ò kàn mọ̀ pé èmi ni màá yan ọjọ́ rẹ̀.

Ọ̀pẹ 29, Ọjọ́bọ̀

Mo tiro lónìí, láti ilé ẹṣin dé ọ́fíìsì, lábẹ́ fèrèsé Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó dúró níbẹ̀, ó ń mu kọfí. Kí èèyàn máa tiro kò rọrùn o, ó gba ìrònú. Àwọn ọmọ ogun mi ń kí mi pẹ̀lú àánú, mo sì fẹ́ gbá gbogbo wọn létí.

Mo sọ fún Frimodig pé kó gbé àpótí wá sí ibi ìtò lọ́la. Ó bi mí bóyá ti Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin Sparrhult ni. Mo ní tèmi ni. Ọkùnrin yìí ti rí mi tí mo fò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pẹ 30, Ọjọ́ Ẹtì

Ó parí.

Gbangba ìlú kún fọ́fọ́. Ilẹ̀ ti dì gbagidi. Àwa ọ̀gá márùn-ún tò ní ìlà kan, oníkálukú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀. Bruncke wà níwájú lórí ẹṣin tirẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ láti orí ọ̀kan dé òmíràn. Sparrhult ni ẹ̀kẹrin. Àárẹ̀ ti mú ètè rẹ̀ funfun. Ó di gàárì mú, mo rí i pé ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pàṣẹ pé ká múra. Frimodig gbé àpótí wá síwájú mi, ó gbé e kalẹ̀ lórí yìnyín, ó dún gbòà. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Ärla yí ojú padà wò ó, kò rí irú ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì fẹ́ fò. Mo bú wọn nínú. Mo gòkè sórí àpótí bí ìyá àgbà tó fẹ́ wọ rélùwéè, mo fi ọwọ́ fa ara mi dé orí gàárì. Mo gbọ́ ẹnì kan tó fi ọwọ́ bo ẹ̀rín lẹ́yìn mi, lára àwọn tí mo fúnra mi kọ́.

Mo wá gbé ohùn sókè, kí Bruncke lè gbọ́. "Frimodig, ilẹ̀ ti dì. Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá kankan kán lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Gbé e káàkiri."

Ó gbé e fún ẹnì kejì, ó gòkè. Ó gbé e fún ẹnì kẹta. Ó gbé e fún Sparrhult, Sparrhult gòkè bíi ti gbogbo wa, ó jókòó, gàárì ké. Ó yí orí sí mi. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo wo iwájú.

Fèrè dún. Wọ́n sọ àsíá kalẹ̀, wọ́n ká a. Mo sunkún bíi ti gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó bi mí kí ló fà á.

Nígbà oúnjẹ àṣálẹ́, Bruncke dìde ní àyè rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn àga wa yí ká pẹ̀lú ife méjì lọ́wọ́, ó dúró lẹ́yìn mi. Gbogbo tábìlì yíjú sí wa.

"Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin jù mí lọ lọ́jọ́ orí," ló wí, "oyè mi sì ga ju ti Ọ̀gá Ẹlẹ́ṣin lọ. A ti fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ pẹ́ jù. Klas lorúkọ mi."

Mo dìde. "Evald."

A wo ara wa lójú, a mu ún tán. Àwọn èèyàn padà sídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ó fa àga wá, ó jókòó tì mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti ọjọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n èmi ló ń wò lọ́tẹ̀ yìí.

"Evald, èwo nínú orúnkún rẹ ló ń dùn ọ́?"

"Tòsì."

Ó yí ife náà lórí tábìlì. "Lánàá, ọ̀tún lo fi ń tiro."

Mo wá afẹ́fẹ́ tí mo lè bá sọ̀rọ̀, kò sí. Ọ̀rọ̀ ti di "o" àti "mo". Mo ní, "Ṣé o ti fọwọ́ sí ìwé yẹn?"

"Mo ti fọwọ́ sí i. Orúkọ Verner ló wà níbẹ̀. Àpò mi ló ṣì wà." Ó gbé ọwọ́ sí àyà ẹ̀wù rẹ̀. "Ṣé kí n fà á ya?"

Ní òdìkejì tábìlì, Sparrhult ti ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà kan tí kò tíì sọ. Mo dúró kó sọ ọ́. Kò dùn rárá.

"Má fà á ya," mo ní.

Klas mi orí. Kò gbé ọwọ́ lé mi léjìká lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn bu ọtí sí ife mi.

Ṣẹ́rẹ́ 4, 1928, Ọjọ́rú

Oko bàbá Thyra. Mo jí ní ìdájí, kò sí fèrè. Mo mú Ärla jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀, níbi tí yìnyín ti nípọn. Mo di gàárì mú, mo fò. Ẹsẹ̀ mi ò kan irin, ó dáa ju ti ọjọ́ èyíkéyìí lọ. Mo wò yí ká. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló rí mi.